Wáyà Fàsílátù Tí Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Gun Orí Ara Wọn

Fàsílátù ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ Èkó, mo kí ọ kú àìrí oúnjẹ ilé jẹ. Ṣé ara le? Ṣé òjò kò wọ yàrá rẹ? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àtijáde àti àtiwọlé rẹ, àmín. Àwa náà wà ní Alájùé níbí, a ń dúpẹ́. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n kò dí mi lọ́wọ́ oko. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ó sì ti sọ àwọn méjèèjì lórúkọ kí n má baà lè tà wọ́n.

Adéyẹmí, akọ̀wé kọ́ńpìnì kòkó yín tó wà lẹ́bàá ojú irin ní Ẹdẹ, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ní ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi gírámà tún un ṣe.

Wáyà tí o fi ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ yín tẹ̀ sí wa ti dé. A ti ń retí rẹ̀ bí ẹni ń retí òjò àkọ́rọ̀, torí o mọ̀ pé àwọn ẹbí Ọláníyan tó ń tọrọ rẹ ń bọ̀ láti Awo lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ láti gbọ́ bóyá o gbà tàbí o kò gbà. Adéyẹmí gbé bébà náà wá fúnra rẹ̀. Mo ní kó kà á. Ó wò ó, ó yí i, ó nà án sí oòrùn. Ọmọ mi, ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò! Gbogbo ohun tí o kọ ló to ara wọn jọ sójú kan. Mo kọ́kọ́ rò pé o ti di ahun l'Ékòó, àbí báwo ni ọmọ mi ṣe máa ní bébà gbàgàdà tó máa fi gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀?

Adéyẹmí ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ó ní bí ẹ̀rọ bá tẹ̀wé dé etí bébà, iṣẹ́ méjì ló kù: kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kó sì bọ́ sísàlẹ̀. Ó ní tiyín l'Ékòó, bí ẹ bá ti ní kó padà, á ti mọ̀ pé kóun bọ́ sísàlẹ̀ náà. Ti Ẹdẹ jẹ́ irú mìíràn, àfi kí wọ́n sọ méjèèjì fún un. Èyí tí ẹ sọ ló ṣe: ó padà, kò kúrò lójú kan, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀.

Ló bá yé mi! Iṣẹ́ Àtàndá alágbàṣe ni. Bí àwọn alágbàṣe mi bá kọ ebè dé òpin ìlà, mo kàn máa ń ké pé ẹ padà ni, wọn á sì lọ bẹ̀rẹ̀ ìlà tó kàn. Lọ́dún tí Àtàndá dé, mo ní padà, ó padà lóòótọ́, ló bá tún ń wa yẹ̀pẹ̀ lé ebè tí ìyá rẹ ti gbin iṣu sí. Nígbà tí mo pariwo, ó ní Bàbá, ẹ kò ní kí n bọ́ sí òmíràn. Ó ní lọ́dọ̀ ọ̀gá òun àtijọ́, méjèèjì ni wọ́n ń sọ.

Mo wá lọ bá ẹ̀rọ náà. Mo kí i, mo ní padà o, kí o sì bọ́ sísàlẹ̀. Kò dáhùn. Mo gbé iṣu kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí ó lè jẹ́ ebi. Adéyẹmí ní kò lẹ́nu. Mo ní ta ló wá ń gbé bébà mì? Ó ní òun kò ní kọ ìyẹn, mo ní kó kọ ọ́.

Wàhálà tó wà nílé ni pé ìyá rẹ ti túmọ̀ ìlà dúdú náà. Ó ní o kò gbà, torí ọ̀rọ̀ ẹni tó gbà kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwáwù àbúrò mi ní irọ́ ni, pé ẹni tó bá kọ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ẹni tó gbà ló ń rojọ́. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nídìí ààrò. Wọ́n ní kí èmi baálé mú ọ̀kan sọ fún àwọn ará Awo. Mo ní n kò sọ. Wọ́n ní olóríkunkun ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àgbẹ̀ olóríkunkun ló sì bí mi. Ṣé èmi ni n ó bá Ọláníyan gbé ni? N kò ní fi ọ̀rọ̀ tèmi tẹ tìrẹ mọ́lẹ̀, ìlà yẹn ti dúdú tó.

Ẹ̀rọ tibí ń gbà ni, kì í ránṣẹ́, ìdí nìyí tí lẹ́tà yìí fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin bọ̀. Bó bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, tún tẹ wáyà míì kí Jímọ́ọ̀ tó dé. Má kí wa, má béèrè ewúrẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí o tẹ̀, kó má dé etí bébà rárá: gbà, tàbí kọ̀. Bí o bá kọ̀, má bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, èmi ni n ó sọ ọ́ fún wọn, wọn á sì gbọ́ ọ dáadáa.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ìpara orúnkún mi. Bí o bá gbà, fi ti gèlè ìyá rẹ sí i. Bí o bá kọ̀, fi sí i náà, torí orí ìyá rẹ kò lè wà ní ìhòòhò nítorí Ọláníyan.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohùn rẹ sọnù láàárín ohùn ayé. Ilé tí o bá fẹsẹ̀ ara rẹ wọ̀, ìtura ni yóò pàdé rẹ níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọládòṣù.