Àga Ẹ̀yìn Káńtà: Ìgbésí Ayé Màmá wa, Eduvigis Olavarría Cárcamo (1932–2015)

Orí òkè Cordillera, ní ìlú Valparaíso, ni a ti bí Màmá wa, Eduvigis del Tránsito Olavarría Cárcamo, ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1932. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ni Segundo Olavarría, ọmọ erékùṣù Chiloé, alágbàrù ní èbúté. Ìyá wọn ni Tránsito Cárcamo, alágbàfọ̀, ọmọ erékùṣù kan náà. Ìdúró ni ìyá náà wà nídìí ọpọ́n ìfọṣọ nígbà tí ìrọbí mú un. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣan èyí tó wà lọ́wọ́ òun tán ná. Ọmọ kò dúró de aṣọ. Àwọn àgbà òkè wa máa ń sọ pé díẹ̀ ló kù kí ilẹ̀ gba Màmá mọ́ agbẹ̀bí lọ́wọ́, àti pé bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn àti ìdúró fi jẹ́ ọ̀tá títí dọjọ́ ikú.

Ènìyàn mẹ́sàn-án ló ń gbé nínú ilé yẹn, àga méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti bàbá. Èkejì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta; ẹni tó bá fẹ́ jókòó lé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ògiri wà. Ìyá wọn kì í jókòó rárá. Lọ́jọ́ kan tó jókòó lọ́sàn-án gangan, gbogbo ọmọ bú sẹ́kún, wọ́n ní ìyá àwọn ń kú lọ. Ìyá kò kú. Ànàmọ́ ló ń bó.

Ọdún 1939 ni Màmá wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn sísítà ní ìsàlẹ̀ òkè. Wọ́n kúrò níbẹ̀ ní 1946, nígbà tí ẹrù ba èjìká bàbá wọn jẹ́. Ìwé wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kà, wọ́n kà á dé ìsàlẹ̀ ojú ewé. Sísítà kan kọ ọ́ sínú ìwé èsì wọn pé, ọmọ yìí gbọ́n, ṣùgbọ́n ó máa ń béèrè ìdí. Ìyá wọn ní kí ni “ṣùgbọ́n” ń wá níbẹ̀.

Ní 1948, Màmá rí iṣẹ́ sí ilé ìtajà Larrabeiti létí èbúté, wọ́n sì fi wọ́n sí káńtà rìbọ́n àti bọ́tìnì. Àga kan wà lẹ́yìn káńtà kọ̀ọ̀kan, ó ń dán gbinrin, nítorí pé láti 1914 ni òfin ìjọba ti wà pé kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní àga fún àwọn tó ń bá wọn tajà. Àràárọ̀ ni àwọn ọmọge ń nu àga náà. Ìdúró ni wọ́n fi ń nù ún. Ẹni tó bá jókòó lé e, ilé ló ń lọ.

Màmá béèrè lọ́wọ́ Zunilda Pastene, ẹ̀gbọ́n wọn níbi iṣẹ́, pé ta ló wá ni àga yìí gan-an.

“Ti wolé-wolé ni,” ni Zunilda wí. “Nu ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, àbúrò. Ọkùnrin náà wúwo.”

Màmá rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tí oṣù parí, wolé-wolé ọ̀ràn òṣìṣẹ́ dé láti ọ́fíìsì ìjọba, Don Belarmino Osses lorúkọ rẹ̀. Ó fa àga jáde lẹ́yìn káńtà rìbọ́n, ó jókòó lé e, ó mu kọfí tí ọ̀gá gbé fún un, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àga wà, ó dìde, ó lọ. Àwọn tí òfin torí wọn ṣe àga dúró yí i ká, wọ́n ń wò ó.

Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì ọdún 1949 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Zunilda wà nínú oyún oṣù méje. Ooru mú, èrò pọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé ó fi abẹ la bàtà kí ó tó lè wọ̀ ọ́. Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ funfun bí ògiri. Màmá fa àga sí i lábẹ́. Zunilda jókòó. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ọ̀gá alábòójútó fi dé, ó ní ta ló ní kó jókòó.

“Àga ló ní kó jókòó, sà,” ni Màmá dáhùn.

“Àga yẹn wà fún òfin,” ni ọ̀gá wí. “Kò wà fún yín.”

Ó lé Màmá lójú ẹsẹ̀. Zunilda dìde fúnra rẹ̀ kí wọ́n má bàa lé òun náà, ó ń wọn rìbọ́n lọ, omijé ń kán sórí ọ̀pá ìwọ̀n.

Màmá gba ọ́fíìsì ìjọba lọ lọ́jọ́ kejì. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi dúró níbẹ̀, nítorí pé ọ́fíìsì tó ń bójú tó òfin àga kò ní àga kankan fún àlejò. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, ta ni wọ́n bá? Don Belarmino, lórí àga.

“Ọmọ mi,” ó ní, “òfin ní kí àga wà. Àga wà. Èmi fúnra mi ti jókòó lé e.”

“Ẹ bá mi kà á, sà.”

Ó wá ìwé òfin, ó gbọn eruku rẹ̀, ó kà á sókè. Ó dé ibi tí òfin ti sọ pé àrọ́wọ́tó òṣìṣẹ́ ni kí àga wà, kí wọ́n lè máa lò ó. Ó tún un kà. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń jókòó lé àga yìí láìka òfin rẹ̀ dé ìparí. Don Belarmino dìde, ó gbé àga tirẹ̀ yí tábìlì ká, ó gbé e sílẹ̀ níwájú Màmá.

“Jókòó,” ó ní. “Sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.”

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọkùnrin náà. Larrabeiti san owó ìtanràn, kò gba Màmá padà. Don Belarmino fún wọn ní iṣẹ́ akọ̀wé kékeré, ó sì kọ́ wọn títí wọ́n fi yege ìdánwò, tí àwọn náà di wolé-wolé ní 1955. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè fún ni àga mẹ́fà fún àwọn àlejò ọ́fíìsì. Ọ̀dọ́ káfíńtà kan, Anselmo Riffo Catalán, ló kó o wá. Márùn-ún dúró dáadáa, èyí kẹfà ń mì. Ó padà wá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin. Don Belarmino ní kí àwọn méjèèjì yáa fẹ́ ara wọn kí àga náà lè rójú. Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù Igbe ọdún 1956. Àga náà ṣì ń mì.

Ní 1961, Larrabeiti ti di ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, Don Leoncio Larrabeiti tó ni ín sì ti kó àwọn àga kúrò pátápátá. Nígbà tí Màmá mú ìwé ìkìlọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò bínú, ó ń ṣàlàyé ni. Ó ní ọmọge tó bá jókòó, ọjà á jókòó tì í. Ó ní ìjọba kò ta bọ́tìnì kan rí, kí ló wá fẹ́ kọ́ òun níbẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ni òun lára, òun á ti ṣọ́ọ̀bù, òun á kó lọ sí Santiago, ogóje ọmọge á sì rí àyè jókòó nílé bí Màmá ṣe fẹ́. Lọ́yà rẹ̀ tún kọ̀wé sí ọ́fíìsì pé ìyàwó káfíńtà ni obìnrin yìí, ó kàn ń fi òfin wá ọjà fún ọkọ rẹ̀ ni. Èyí dun Màmá wọnú eegun. Wọ́n fi ọwọ́ lé Bíbélì níwájú ọ̀gá wọn, wọ́n búra pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn bá ṣì ń ṣe wolé-wolé, àga Anselmo kan kò ní wọ ṣọ́ọ̀bù kankan ní Valparaíso. Wọn kò sọ fún Anselmo.

Lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn ọmọge méjìlá gun òkè wá sílé Màmá, Zunilda ló ṣáájú wọn. Màmá rò pé wọ́n wá dúpẹ́ ni, wọ́n sáré gbé omi tíì kaná.

“Duvi, fi wá sílẹ̀ ká dúró,” ni Zunilda wí. “Ìdúró níbi iṣẹ́ sàn ju ìjókòó nílé lọ.”

Òótọ́ ni, Màmá sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Wọ́n bu tíì fún wọn. Ibẹ̀ ni Zunilda ti wo ilẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mẹ́rìnlélógún tó dúró yí tábìlì ká, nítorí pé ilé káfíńtà ni, àga mẹ́ta péré ló kù níbẹ̀ tí kò tíì tà. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé e.

“Ẹ wò wá,” ó ní. “Nílé wolé-wolé pẹ̀lú.” Ẹ̀rín náà ran gbogbo wọn. Nígbà tó rọlẹ̀, Zunilda gbé ife sílẹ̀. “Ó dáa. Mú ìwé rẹ wá lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ni màá kọ́kọ́ jókòó. Ọmọ tó wà nínú mi lọ́jọ́sí ti pé ọdún mọ́kànlá. Mi ò ní dìde lẹ́ẹ̀kejì.”

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọmọge gbé àpótí tàbí àga láti ilé rẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ tí okùn irin ń fà sọ̀ kalẹ̀ láti òkè rò pé àdúgbò kan ló ń kó lọ. Agogo mẹ́wàá, Zunilda jókòó. Àwọn yòókù jókòó. Don Leoncio dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí ọjà ṣubú. Ọjà kò ṣubú. Àwọn ìyálé ilé tí wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn láti àárọ̀ rí àga, wọ́n ní tàwọn dà. Ẹni tó fẹ́ ra bọ́tìnì mẹ́rin jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó wò yíká, ó ra aṣọ ìbùsùn. Kí wọ́n tó tilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, Don Leoncio fúnra rẹ̀ ló ń gbé àga tọ àwọn oníbàárà lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ ọgọ́sàn-án àga, lọ́dọ̀ káfíńtà tó mọ àga ṣe jù lórí òkè wa: Anselmo Riffo.

Bàbá wa ka lẹ́tà náà, orin ni wọ́n fi bọnu. Ìgbà náà ni Màmá tó sọ fún wọn pé àwọn ti búra. Bàbá ká lẹ́tà náà padà sínú àpòòwé rẹ̀.

“Ìwọ lo búra, iṣẹ́ mi ló lọ,” ni Bàbá wí.

“Mo mọ̀.”

“Ó dáa. Kí lèèyàn ń lò tí kì í ṣe àga, tí òfin rẹ ò sì ní dé ibẹ̀?”

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí kan pósí. Òfin débẹ̀. Kí oṣù tó parí, Màmá ti wọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá pẹ̀lú ìwé ìkìlọ̀, wọ́n ní káfíńtà kan wà níbí tí kò ní àga tí yóò fi sinmi. Bàbá fi férémù sí ìwé ìkìlọ̀ yẹn, ó wà lára ògiri títí dòní. Àga tí kò lè wọ ṣọ́ọ̀bù kò sì kú sí wọn lọ́wọ́: bẹ́ǹṣì méje ni Bàbá kàn, tí wọ́n rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn òkè Cordillera láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gun òkè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí lónìí, bí ẹ bá sinmi lójú ọ̀nà, ẹ ti bá wọn pàdé.

Ní 1973, ìjọba ológun fi lẹ́tà ìlà kan yọ Màmá níṣẹ́. Màmá wá ń rán aṣọ jẹun, wọn kò ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Ní 1982, Màmá wà lórí bẹ́ǹṣì kẹta nígbà tí arúgbó kan gun àtẹ̀gùn dé ọ̀dọ̀ wọn, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Don Leoncio ni.

“Doña Eduvigis, ṣé mo lè jókòó?”

“Òfin fàyè gbà yín, Don Leoncio.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Àwọn ilé ìtajà ńláńlá ti Santiago ti gbé ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mì. Ó ní gbogbo ọjọ́ ayé òun lòun fi pariwo pé kí ìjọba fi òun lọ́rùn sílẹ̀. “Wọ́n ti fi mí sílẹ̀ báyìí,” ó ní. “Àwọn tó tóbi jù mí lọ jẹ mí tán, kò sí ẹni tí yóò mú ìwé lọ bá wọn.” Màmá kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n bu búrẹ́dì ọwọ́ wọn sí méjì. Ọjọ́bọ̀ dé Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n jọ ń jókòó níbẹ̀ títí Don Leoncio fi kú ní 1985. Bàbá ló kan pósí rẹ̀. Màmá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó bá òfin mu.

Ọmọ ìjọ Kátólíìkì tòótọ́ ni Màmá. Lọ́dọọdún, bí a bá ń gbé ère Pétérù Mímọ́ wọ ojú òkun, àwọn ni wọ́n ń kó àga tẹ̀lé àwọn arúgbó. Bàbá wa sùn nínú Olúwa ní 2009, ṣùgbọ́n wọ́n ti kan pósí Màmá sílẹ̀, wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sí i, Bàbá fúnra wọn sì wọ inú rẹ̀ lọ dùbúlẹ̀ láti dán an wò. Obìnrin aládùúgbò kan tó yọjú lọ́jọ́ náà kò tíì sún mọ́ ilé wa títí di àárọ̀ òní.

Ní oṣù Igbe tó kọjá, Yasna ọmọ ọmọ wọn, tó ń gba owó ní ilé ìtajà ńlá kan, sọ fún Màmá pé wọn kò fún àwọn ní àga. Màmá, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, dé fìlà, gbé àpótí, wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n jókòó ti Yasna lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti àárọ̀ títí máníjà fi gbé àga wá. Wọ́n ní kí ó gbé ti àwọn yòókù wá pẹ̀lú, àwọn kò kánjú. Àga mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Òkúdù, ọdún 2015, Màmá gba ilé lọ, lórí ìjókòó, pẹ̀lú tíì lọ́wọ́. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé: Nibaldo tó jẹ́ káfíńtà, Ercira tó jẹ́ olùkọ́, àti Gricelda, nọ́ọ̀sì tí Màmá kò dárí jì tán nítorí pé iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn jókòó ló yàn. Ọmọ ọmọ méje àti ọmọ ọmọ ọmọ mẹ́ta tún wà, pẹ̀lú àga kẹfà tó ń mì.

A bá ìwé kan lábẹ́ tìmùtìmù wọn, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ ọ́: “Bí àlùfáà bá ní kí ẹ dìde, ẹ má dìde. Mo ti bá a sọ ọ́.” Òótọ́ ni, àlùfáà ti gbà. Nítorí náà, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá wa kẹ́dùn, a dúpẹ́, a sì bẹ̀ yín, ẹ jókòó. Màmá Zunilda, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, wà ní ìlà iwájú. Àwọn ni wọn yóò kọ́kọ́ jókòó, bí ìṣe wọn. Àwọn mẹ́fà tó gbé pósí nìkan ló lè dúró, bẹ́ǹṣì méje sì ń dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹsẹ̀ yín ti sinmi. Ẹ jókòó re o.