Àyẹ̀wò Tí O Sọ Di Òfo

Agbowó, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹjọ, ọdún 2024.

Akínbíyì ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni ara ìyá rẹ ní Òkè-Àdó? Mo bẹ Ọlọ́run kó fún wọn ní ìlera, kó sì ṣọ́ ìwọ náà. Ní tèmi, ara le, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n ò sì ní fi pamọ́ fún ọ.

Àná ni wọ́n pè mí láti ilé ìwòsàn Bódìjà tó ń lo ẹ̀rọ wa, èyí tó ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́bọ́láńlé ló ń sunkún lórí fóònù: "Àǹtí Kaosarah, ẹ̀rọ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ se ọmọ ọlọ́mọ jinná!"

Wáyà tó ń wọn ooru ara ọmọ ló já. Ètò wa bá fi òdo pín òdo, ohun tó jáde kì í ṣe nọ́ńbà rárá. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: bí o bá bi í pé ṣé ooru ara ọmọ ju ìwọ̀n mẹ́tàdínlógójì lọ, á ní rárá, ṣé ó dín ni, á ní rárá. Aago ìkìlọ̀ ò dún, iná tó ń mú ọmọ móoru ò kú. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọmọ náà.

Èmi sì ti kọ àyẹ̀wò sí i! Mo kọ isnan, mo kọ isinf, pé bí èsì kì í bá ṣe nọ́ńbà, tàbí tí kò lópin, kí iná kú, kí aago ké. Mo ṣí kóòdù wò, ìlà mi wà níbẹ̀ digbí. Ìgbà tí mo wo àṣẹ tí o fi kọ́ḿpáílì rẹ̀, tí o fi sọ ọ́ di èdè ẹ̀rọ, ni mo rí i: -ffast-math. O sọ fún kọ́ḿpáílà pé irú èsì bẹ́ẹ̀ kò lè wáyé láéláé, ó bá gbá àyẹ̀wò mi dànù. Kí ètò lè yára! Ṣé eré ìje ni ọmọ ìkókó ń sá ni? Mo ṣáà kìlọ̀ fún ọ ní ọ́fíìsì wa ní Ring Road. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Kaosarah, ìbẹ̀rù rẹ ti pọ̀ jù."

Mo ti yọ àṣẹ náà. Mo fọwọ́ ara mi já wáyà lójú àwọn nọ́ọ̀sì. Aago ké, iná kú. Ọmọ náà ti ń mu ọmú.

Islamiat, ìyá rẹ̀, kò pariwo. Ó kàn ní, "Ta ló ṣe é? Kí n mọ ẹni tí mo fẹ́ foríjì." N ò dárúkọ rẹ. Wá fẹnu ara rẹ sọ ọ́.

Kí Ọlọ́run má fi ọwọ́ wa pa ọmọ ọlọ́mọ. Kó fún ọ ní etí ìgbọ́ràn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ń bí,
Kaosarah.

Àfikún: Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gba àlejò. Má rán ẹnikẹ́ni.