Sìmẹ́ǹtì tí Mo Fi Rẹ́ Ilé Màmá Sophie

                                        Billstedt,
                                        Hamburg.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Akínpẹ̀lúmi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù Berlin o. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́ díẹ̀? Mojíbọ́lá ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ yín tí mo máa ń kí lórí fóònù, tó ń fi èdè Jámánì dá mi lóhùn ńkọ́? Hàfúsátù ìyàwó mi ní kí n kí yín. Ara wa le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Wọ́n fẹ́ wó ilé Màmá Sophie. Ilé àgbẹ̀ àtijọ́ yẹn lẹ́bàá odò Elbe, níbi tí Màmá ti fún wa ní yàrá nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà wá. O rántí bí a ṣe máa ń wòran igi tó jẹ́ egungun ilé náà? Kò sí ìṣó irin kan níbẹ̀. Igi ni wọ́n fi há igi. Amọ̀ tí wọ́n fi koríko gbígbẹ pò ni wọ́n fi dí àárín wọn, bíi ti ilé bàbá mi àgbà ní Ìsẹ́yìn. Ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, 1743, ṣì wà lára igi òkè ẹnu ọ̀nà.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ba ilé náà jẹ́. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, amọ̀ ògiri ẹ̀yìnkùlé ń já bọ́. Èmi ọmọ bíríkìlà, mo ní kí Màmá fọkàn balẹ̀. Ṣebí bí a ṣe ń ṣe nílé nìyẹn: ilé amọ̀ tó bá ti darúgbó, sìmẹ́ǹtì là á fi rẹ́ ẹ. Mo rẹ́ ẹ, ó dán gbinrin, mo tún ya fọ́tò ránṣẹ́ sí bàbá mi!

Àṣé igi àti amọ̀ yẹn nílò atẹ́gùn. Sìmẹ́ǹtì mi há omi mọ́ wọn nínú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnjiníà kan wá gbẹ́ ẹ wò. Igi ìsàlẹ̀ tó gbé gbogbo ilé dúró ti jẹrà, ó ń já lọ́wọ́ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bóyá a lè pààrọ̀ igi náà. Ó ní ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí, ni wọ́n á wó o, Màmá á sì lọ máa gbé nílé àwọn arúgbó.

Akin, ojú tì mí. Ẹnjiníà bi Màmá pé ta ló fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri. Mo wà níbẹ̀. Màmá wò mí, ó ní ọkọ òun ni, ó sì lọ bu kọfí wá fún mi.

Ọkọ rẹ̀ ti kú ní ọdún mẹ́ta kí n tó po sìmẹ́ǹtì yẹn.

Bá mi kí ilé o. Bí ẹ bá fẹ́ rí ilé náà, ẹ wá kó tó di Mọ́ńdè.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò lè sùn,
Ṣọ̀fíúlláhí.