Géèmù Tí O Rán sí Fàsásì

Agboolé Ẹlẹ́ran,
Beyerúńká,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹfà, 1995.

Àkíbù, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le? Ṣé òtútù ìlú yín ti dẹwọ́ díẹ̀? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tí kò dára nípa ara wa. Bàbá wà, ara wọn le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Èmi náà ṣì ń ta ẹran mi l'Ọ́jà'ba. Àlàáfíà la wà, àmọ́ inú ń bí mi, ìwọ gan-an lo sì bí mi nínú.

Ẹ̀rọ géèmù tí o fi rán Hilda, nọ́ọ̀sì ará Òkè Bọ́lá yẹn, dé ọwọ́ wa kété tí a túnu ààwẹ̀ tán. Fàsásì ọmọ mi fò sókè bíi pé ó fẹ́ fi orí kan àjà. Inú tèmi náà dùn. Mo ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó bá jókòó sílé ṣeré sàn ju èyí tó ń rìn kiri Orítamẹ́rin lọ. Mo rò pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fi gbá, bíi tàwọn tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Bẹẹrẹ.

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀ tó gbé ìbọn kọ́ ẹ̀yìn, tó mú àdá lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa rìn káàkiri ìgboro kan, kó máa pa gbogbo ẹni tó bá pàdé. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ o. Tó bá gé ẹnì kan lórí, ẹ̀jẹ̀ á tú yaa kún ojú tẹlifíṣọ̀n, ohùn kan á bú sẹ́rìn-ín láti inú rẹ̀: "Háháháhá!" Wọ́n á wá fi máàkì kún ti ọmọ tó ń ta á. Gbogbo ọmọ agboolé tó rọ́ kún pálọ̀ mi á sì bá a rẹ́rìn-ín.

Àkíbù, ilé alápatà ni wọ́n bí ọ sí. O mọ̀ pé nílé wa, a kì í pọ́n ọ̀bẹ níṣojú ẹran. O mọ̀ pé ọmọkùnrin á kọ́kọ́ máa bá àwọn àgbà di orí ẹran mú, á máa fi àkísà bo ojú ẹran náà, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi balẹ̀, kí Bàbá tó fa ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́ láàárọ̀ Iléyá tí a bá ti yídì dé. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín níbẹ̀, kódà kí ẹran fi ìrù na ìmáàmù lójú. Fàsásì ló kàn lọ́dún yìí. Ọ̀bẹ tí Bàbá yọ fún un, ọ̀bẹ tìrẹ ni, èyí tí o fi sílẹ̀ nígbà tí ò ń lọ. Wọ́n ti pọ́n ọn, wọ́n ti pààrọ̀ èèkù rẹ̀.

Ọmọ náà ṣe Bísímílàhí, ó dúńbú àgbò náà bó ṣe yẹ. Mo ti lanu láti kí i kú oríire. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tú jáde báyìí, Fàsásì na ọ̀bẹ sókè, ó bú sẹ́rìn-ín: "Háháháhá!" Ẹ̀rín inú géèmù yẹn gan-an! Àwọn ọmọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sì gbè é. Àgbò náà ṣì ń jà nílẹ̀ nígbà yẹn o. Bàbá ò pariwo. Wọ́n kàn gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n nù ún, wọ́n ní: "Lọ fọwọ́ ẹ. Má fọwọ́ kan ọ̀bẹ mọ́ nílé yìí."

Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ yẹn, n bá kó wọ ibẹ̀. O mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ láàárín wa. Ọmọ tí wọ́n bá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, Fàsásì ò sì fẹ́ iṣẹ́ mìíràn láti kékeré.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Bàbá ní ká tan géèmù náà kí àwọn fojú ara àwọn rí i. Wọ́n jókòó, Fàsásì ń ta á. Wọ́n bi í pé: "Kí lẹni tó o pa yẹn fi ṣe ẹ́?" Ó ní kò ṣe òun ní nǹkan kan. "Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?" Bàbá wò ó títí, wọ́n rí i pé ńṣe ni àwọn òkú náà kàn ń pòórá. Wọ́n ní: "Wọn ò sin ín, wọn ò tiẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀. Irú ìlú wo nìyí?" Ni wọ́n bá dìde, wọ́n lọ kírun.

Ìyábọ̀ tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ọ̀rọ̀ náà ò tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìyá Fàsásì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pa màlúù lójoojúmọ́, kí lẹ̀jẹ̀ inú tẹlifíṣọ̀n fẹ́ fi yín ṣe?" Mo gbaná jẹ! Nítorí pé à ń pa á gan-an la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe eré. Màlúù tí a bá pa, àwọn èèyàn ló máa fi bọ́ ọmọ wọn. Fàsásì ti ń rí ẹ̀jẹ̀ láti ìgbà tó ti ń rákòrò, kò fi rẹ́rìn-ín rí, àfi ìgbà tí géèmù rẹ wọ ilé mi. Mi ò bá gbogbo géèmù jà. Kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n wa mọ́tò, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ eré tó ń kọ́ ọmọ láti máa yọ̀ nígbà tí ẹ̀mí ń bọ́, kò yẹ ọmọ tí kò tíì gbọ́n tán, ẹni tó bá fẹ́ kó bínú.

Èyí tó dùn mí jù ni pé Fàsásì ka ohun tó wà lára páálí géèmù náà sí mi létí. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé kì í ṣe fún ẹni tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún. Ìwọ tó o kàwé dé Ìlú Òyìnbó, ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Àwọn tó ń tà á pàápàá sọ pé kì í ṣe fún ọmọdé, ìwọ wá fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi, o sì kọ ọ́ sí mi pé gbogbo ọmọ ibẹ̀ ló ń ta á. Ṣé Ọláyíwọlá ọmọ tìrẹ náà ń ta á? Tó bá ń ta á, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí.

Fàsásì ti padà sí odò ẹran tí wọ́n ti ń pa màlúù, ó ń di orí ẹran mú pẹ̀lú àwọn ọmọ tó kéré sí i. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n sọ fún mi pé láàárọ̀ àná, ó bo ojú màlúù kan, ó sì ń fọwọ́ pa á lọ́rùn títí ara rẹ̀ fi rọlẹ̀. Mo lọ bẹ Bàbá. Wọ́n ní ọwọ́ tàwọn ò ní fa ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní: "Ẹni tó rán ẹ̀rín yẹn wọlé mi, òun ni kó wá fún un." Ọ̀bẹ rẹ ti padà sórí àjà, Àkíbù. Ẹ̀rọ rẹ sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Bàbá ń darúgbó. Ní Iléyá tó ń bọ̀, má fi nǹkan kan rán ẹnikẹ́ni sí wa. Ìwọ ni kó o wá.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Àjò ò ní sọ ọ́ di àlejò nílé bàbá rẹ. Àwọn ọmọ rẹ á yàn, wọ́n á yanjú. Bí mo ṣe bínú tó yìí náà ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ tó.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà,
Kúbúrá.

Mo tún rántí o: Fàsásì bi mí bóyá ìwọ náà rẹ́rìn-ín ní Iléyá tí Bàbá fa ọ̀bẹ yẹn lé ọ lọ́wọ́. Mo ní o sunkún ni, pé o ò sì fi ẹran kan ẹnu títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní irọ́ ni mo ń pa, pé ẹni tó sunkún nítorí àgbò ò lè ra irú géèmù yẹn fún ọmọ. Ìwọ ni kó o wá sọ fún un.