Màmá Oníṣẹ́jú, Ẹni Tí Ó Fi Ẹ̀jẹ̀ Ara Wọn Ṣe Òṣùwọ̀n

A bí màmá wa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1958, ní yàrá ẹ̀yìn ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin. Akọ̀wé ibùdókọ̀ náà ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn. Àwọn ni àkọ́bí.

Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ní 1980. Ní 1983 wọ́n fẹ́ bàbá wa, olùkọ́ ìṣirò, ẹni tí wọ́n bá jà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ ní àdéhùn, torí pé bàbá fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́ dé.

Ní 1998 wọ́n bọ́ sí yàrá ìwádìí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n wà títí dópin. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbèjà ara wa máa ń ránṣẹ́ síra wọn. Èròjà tí wọ́n ń rán, tí à ń pè ní sáítókáìnì, kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí. Bó bá ti kan àwọn ohun tó ń dúró dè é lára sẹ́ẹ̀lì, méjì nínú wọn á fà mọ́ra, àwọn ará inú ilé á gba ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á máa fi lé ara wọn lọ́wọ́ títí dé àárín gbùngbùn, níbi tí àṣẹ ti ń jáde. Nínú iṣẹ́ tiwọn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n ń fún ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ wò ó. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ á ti máa tutù. Màmá ló ń di aago mú, ibẹ̀ ni wọ́n ti gba orúkọ Oníṣẹ́jú.

Kí a tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kò dáhùn bó ṣe yẹ, a gbọ́dọ̀ fi wé ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Lóṣooṣù ni màmá ń na apá sílẹ̀ fún un. Wọ́n á ní, “Ẹ jẹ́ n jẹun o jàre, èmi ni òṣùwọ̀n yín.”

Ní oṣù kejì ọdún 2017, ẹ̀jẹ̀ wọn dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Nínú ìgò tí wọn kò tíì kán nǹkan kan sí, ọ̀rọ̀ ti dé àárín gbùngbùn. Màmá pààrọ̀ oògùn àyẹ̀wò, wọ́n fọ ẹ̀rọ, wọ́n bá obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wí pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi da èsì náà nù. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Obìnrin yẹn ló wá lo ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, tìyẹn sì dákẹ́ títí a fi pè é. Ó sunkún, ó ní, “Màmá, ẹ̀rọ ò ṣẹ̀ o. Ẹ lọ rí dókítà.” Dókítà ní àrùn ẹ̀jẹ̀ ni. Màmá bẹ obìnrin náà níwájú gbogbo èèyàn. Ó ṣì ń dùn wá títí dòní pé ẹni tí kì í pẹ́ dé ibikíbi ló pẹ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n fi kọrin nínú ìjọ, àwọn ló sì ń kó ará àdúgbò lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Wọ́n sùn nínú Olúwa láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ọdún 2018, lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Wọ́n fi bàbá wa sílẹ̀, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ mẹ́rin àti àbúrò méjì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin ẹlẹgbẹ́ wọn pè wá. Ó mú ìgò kékeré kan jáde láti inú yìnyín: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ màmá ti ọdún 2009, nígbà tí ara wọn ṣì le. Ó jẹ́ kó yọ́, ó kán sáítókáìnì sí i, ó tẹ aago. Bàbá di ọwọ́ wa mú. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé tí ó gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀jẹ̀ màmá ti dáhùn.

Màmá, àwa pè yín láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ lọ, ẹ kò dá wa lóhùn. Bàbá ní ká sọ fún yín pé òun á pẹ́ díẹ̀ kí òun tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá òun jà. Ẹ sùn re o.