Ẹsẹ̀ Wéréwéré Nínú Yàrá Wa

Pobè,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ìyá Mireille, ìyàwó mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé ọmọ-ọmọ wa ń jẹun dáadáa? Èmi náà wà, mo ń mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́ ní Sakété níbi tí o wà, nítorí náà má kà á sókè lójú Valentin, ọkọ ọmọ wa. Ìwé tí wọ́n kọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì kò pọ̀, fi sùúrù kà á. Bí mo bá pè ọ́ lórí pọ́tábù, ẹkún ọmọ ni mo máa ń gbọ́, ìwọ á ní o máa pè mí padà. Àgbàdo ṣì kéré nígbà tí mo ti ń retí ìpè yẹn. A ti ya á, a ti jẹ ẹ́ tán.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, tí mo bá ti oko dé lọ́sàn-án tí mo na ẹ̀yìn ní ẹ̀yìnkùlé, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ nínú yàrá wa: wéréwéré, á dúró, wéréwéré. Tí mo bá sáré wọlé, kò sẹ́nì kankan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lo ṣe máa ń rìn tí mo bá ń sùn. Mo sọ fún ara mi pé, "Fádèyí, ìyàwó rẹ ló ń yọ́ wá láti Sakété, ó ń wò ó bóyá o ti gbé obìnrin míì wọlé." Inú mi dùn. Obìnrin tó ṣì ń jowú kò tíì lọ tán.

Mo gbálẹ̀. Mo fá irùngbọ̀n. A kì í sì í bi ẹni tó wọlé léèrè nǹkan kí a tó fún un lómi, mo bá gbé igbá omi sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo padà wò ó, omi ti dín!

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Madeleine, ará ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ó ní orí mi ti dàrú. Mo bá lọ wá ẹlẹ́rìí. Mo béèrè lọ́wọ́ àlùfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà pé kí ni Lárúbáwá ń pe irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ó ní "kafíífù" ni, ohun tó fúyẹ́ tó sì yá. Mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin aláṣọ tó ń ti Nàìjíríà wá. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn láàárín àwọn aṣọ rẹ̀, ó ní òyìnbó tiwọn ń pè é ní "típtóò." Mo padà bá Madeleine: "Ohun tí Lárúbáwá mọ orúkọ rẹ̀, tí òyìnbó mọ orúkọ rẹ̀, ṣé ó lè jẹ́ irọ́?"

Ó ní, "Bàbá Mireille, wọ́n ní orúkọ fún wèrè náà."

Ó wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nawọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àgbébọ̀ adìẹ rẹ̀ ló fà jáde, tòun ti ẹyin, níbi tí o máa ń kó bàtà sí. Ojú fèrèsé ló ń gbà wọlé. Ó gbé adìẹ rẹ̀ lọ, ó fi ẹyin méjì sílẹ̀ fún mi. Láti ìgbà náà ni ilé ti dákẹ́. Tí mo bá wúkọ́, èmi náà ni mo ń kí ara mi pẹ̀lẹ́.

Wọ́n ní ọmọ tí o lọ tọ́ ti ń rìn. Mi ò lè wá. O mọ̀ pé bàbá ìyàwó kì í lọ sùn nílé àna. Wọ́n á ní ebi ló lé mi wá. Bí o bá ń bọ̀, máa bọ̀. Bí o ò bá bọ̀, sọ ọ́ kí n gbọ́.

Olúwa á dá yín sí. Ọmọ náà ò ní fẹsẹ̀ kọ. Ilẹ̀ Sakété á gbà ọ́, ṣùgbọ́n kó má gbà ọ́ jù.

Èmi ni ọkọ rẹ, bàbá ọmọ rẹ,
Fádèyí

Mo gbàgbé: Madeleine ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó bi mí ohun tí mò ń kọ láti ìgbà tí ìsìn ti parí. Mo sọ fún un, mo sọ ti ilé àna mọ́ ọn. Ó ní, "Ta ló ní kí o sùn níbẹ̀? Sakété téèyàn ń lọ tó ń bọ̀ kí ọbẹ̀ rẹ̀ tó tutù! Dìde, lọ mú ìyàwó rẹ."