Fọ́ọ̀mù Tí Mi Ò Lè Bá Ọ Kọ

Ọmọ mi, Dáwódù mi,

Mo kí ọ o. O kú iṣẹ́, tó bá jẹ́ pé o ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. O kú ìjókòó, tó bá jẹ́ pé inú yàrá lo wà. O kú ewu, o kú ìrọ́jú, o kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ ipò tí lẹ́tà yìí máa bá ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kó gbogbo ìkíni sínú rẹ̀, mú èyí tó bá bá ọ mu kí o fi ìyókù sílẹ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀.

Nílé níbí, ara ń le. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ó sì ti jẹ etí gèlè kan. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù ti ń jò sórí pákó mi. Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìjẹta, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì ń bọ̀ níwájú.

Ó di ọjọ́ kọkàndínlógún lónìí tí o pè mí ní ṣọ́ọ̀bù, tí o ní wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò nílé ìwòsàn, wọ́n sì rí kòkòrò HIV nínú rẹ̀, tí o ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, tí o tún ní ó ti parí fún ọ. Ìfági wà lọ́wọ́ mi kejì, mo dì í mú. Ẹ̀rù ló bà mí, Dáwódù, kì í ṣe ìbínú. Nígbà tí ẹnu mi máa là, ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé kí o má fi owó oṣù ránṣẹ́ sí wa mọ́. O ní ó dáa, Bàbá, o sì pa fóònù. Láti ọjọ́ yẹn ni fóònù rẹ kò ti lọ mọ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé ebi ló ń pa fóònù náà, ni mo bá ń ra káàdì sórí nọ́ńbà rẹ láràárọ̀. Ọmọbìnrin tó ń tà á sọ pé ó wọlé. Mo ní tó bá wọlé, a jẹ́ pé ẹnìkan wà nílé nìyẹn. Òun ni mo fi ń tu ara mi nínú, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé mi ò rí òkú tó ń gba oúnjẹ rí. Ẹnìkan gbé iṣẹ́ pósí wá ní ọjọ́ kejì tí o pè, mo ní pákó ti tán. Pákó tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà tó kan ilẹ̀kùn mẹ́wàá, ọwọ́ mi ló kọ iṣẹ́ náà.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ ìpàdé, mo wọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn tó wà ní ìlú kejì, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Mo ní ọmọ mi kan ló ní kòkòrò yìí, oògùn rẹ̀ ni mo wá bá a gbà. Wọ́n mú mi lọ bá nọ́ọ̀sì kan tí kì í gún abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó jókòó, kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kòkòrò náà lára wọn. Mo bi í bóyá wọ́n ń sanwó fún un, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Tábìlì rẹ̀ ń mì, mo wá ègé igi há sí i lẹ́sẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ó ní oògùn kì í ṣe ohun tí bàbá ń báni gbà, ẹni tó máa lò ó ló ń lọ gbà á. Mo ní kó wá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi nígbà náà, torí nínú ẹgbẹ́ káfíńtà wa, ẹni tí kò bá ráyè wá lè rán aṣojú, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wá. Fọ́ọ̀mù kan wà lórí tábìlì, mo fà á sọ́dọ̀, mo yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ kọ ọ́. Wọ́n ní láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé ò ń sùn? Mo ní o máa ń sùn dáadáa, láti kékeré. Ṣé ò ń jẹun? Mo fàlà síbi tó dára jù. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń bá a lọ títí mo fi kan ìbéèrè kẹsàn-án. Ó ní ṣé ó máa ń wá sí ọ lọ́kàn pé ó sàn kí o kú? Àpótí mẹ́rin wà níwájú rẹ̀: rárá, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́pọ̀ ìgbà, lójoojúmọ́.

Mo fẹ́ fàlà sí rárá, kí o lè páàsì. Pẹ́ńsù náà kò lọ.

Nọ́ọ̀sì rọra gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi. Ó ní kò sí ẹni tó ń páàsì, kò sí ẹni tó ń fẹ́èlì, àti pé ẹnìkan kò lè bá ẹnìkejì kọ irú rẹ̀. Ó wá béèrè ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ọ gbẹ̀yìn. Mo ní àánú ọmọ náà ló ṣe mí, mo ní kó má fowó ránṣẹ́ mọ́. Kò bú mi. Ó kàn béèrè pé irú ènìyàn wo ni a kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Mo dáhùn kí n tó ronú, mo ní òkú ni. Dáwódù, mo sunkún níwájú obìnrin tí mo lè bí lọ́mọ.

Ó ní kòkòrò yìí kì í pa ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ bó ṣe yẹ, pé hóró kan lójúmọ́ á tẹ̀ ẹ́ rì débi pé wọ́n á wá a nínú ẹ̀jẹ̀ tì. Mo ní bí oògùn ikán tí a ń fi kun pákó nìyẹn, ó ní ó fara jọ ọ́, àmọ́ ojoojúmọ́ ni kíkùn tirẹ̀. Ó ní lóṣù àkọ́kọ́, ọkàn ló máa ń kọ́kọ́ wó, kì í ṣe ara. Ó ní irú òun wà nílé ìwòsàn tí wọ́n ti yẹ̀ ọ́ wò, kí o béèrè rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, ó tọrọ àyè fún mi lọ́wọ́ àwọn tó ní kòkòrò náà tí wọ́n máa ń pàdé lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n gbà kí n jókòó tì wọ́n. Òfin ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ wọn kì í jáde, nítorí náà mi ò ní sọ nǹkan kan fún ọ, àfi pé ọ̀kan nínú wọn ti lo ọdún mẹ́rìnlá pẹ̀lú kòkòrò náà, ó sì ń gbé táyà ọkọ̀ ńlá lọ́wọ́ kan. Mo ti sọ̀rọ̀ jù, gbàgbé ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ló kù. Ó rí i pé mò ń wọ aṣọ ìpàdé lọ sí ìlú kejì, ó rí i pé mò ń ra káàdì láràárọ̀, ó ní mo ti yan àlè. Mo ní rárá. Ó ní ta wá ni mò ń pè, mo ní mi ò lè sọ. Ó ti kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí yàrá kejì. Ìwọ lo ni àṣírí, n kò ní torí ìrọ̀rùn ara mi tú u síta, àmọ́ bí o bá fẹ́ gbà mí láyè kí n sọ fún un, tètè sọ.

Fọ́ọ̀mù náà wà nínú àpòòwé yìí. Mo ti pa gbogbo ìlà tí mo fà rẹ́. Fúnra rẹ ni kí o kọ ọ́, kí o kọ òótọ́ síwájú ìkẹsàn-án, kí o sì mú un lọ bá wọn. Èyíówù kó jẹ́, wọ́n ti rí i rí.

Wàyí o, owó. Mo kó ọ̀rọ̀ mi ọjọ́sí jẹ. Ojú ìfági mi ti kú, ra tuntun fún mi. Mo fẹ́ páànù mẹ́rin fún òrùlé ṣọ́ọ̀bù, ìyá rẹ sì fẹ́ bàtà. Owó oṣù tó kọjá ńkọ́? Mi ò ní dín in kù nítorí kòkòrò kankan, màá sì máa béèrè títí orí rẹ á fi hewú. Bí kò bá sí, sọ pé kò sí, kí o ní mo ti ń béèrè jù bí o ṣe máa ń sọ. Ìyẹn náà á tó mi.

Ẹ̀mí rẹ á gùn. Wàá gbó, wàá tọ́. Ìwọ ni wàá wọ̀n mí fún pósí, èmi kọ́ ni màá wọ̀n ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, tó tún ti ń béèrè.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Dírẹ́bà tó ń gbé mi lọ sí ìlú kejì, tó tún máa ń ná ọ̀nà ìlú tí o wà, ló mú lẹ́tà yìí wá, mo sọ fún un pé ìwé ilẹ̀ ni. Mo ní kó tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ kó sì dúró, pé tí kò bá gbúròó rẹ, kó pe onílé kí wọ́n jọ ṣílẹ̀kùn. Má bínú. Bí o bá ti ka ibí yìí, ó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Jọ̀ọ́, wúkọ́ kó gbọ́, kó lè máa lọ, ó ní èrò nínú ọkọ̀.